Máàkì kan tó kù díẹ̀ káàtó: ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀

Èsì JAMB ti jáde, ẹkún sì ti sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíẹ́ dé Under G. Ó ń dùn mí, mi ò lè fi bò.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ á fi UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, èsì á wọlé: Gẹ̀ẹ́sì 66, Bàọ́lọ́jì 75, Kẹ́mísírì 79, Físíìsì 52. Àpapọ̀ rẹ̀, 272 nínú 400. Ṣùgbọ́n 52 yẹn nìkan lojú á rí. Kò ní jẹun. Ìyá á máa bèèrè pé kí ló dé, bàbá á ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n tó ti wà ní yunifásítì á ti inú yàrá fèsì pé pẹ̀lú Físíìsì báyìí, kó gbàgbé Mẹ́dísìn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni nǹkan máa ń bàjẹ́ jù. Torí ìgbà náà ni ọmọ máa pinnu pé òun ò ra fọ́ọ̀mù Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, mọ́. Òmíràn á sáré lọ sí CBT sẹ́ńtà, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe JAMB, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á sanwó yí kọ́ọ̀sì padà sí ohun tí kò wù ú láti kà rárá.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mi ò lè yé sọ ni pé kí ẹ mú bírò, kí ẹ ṣírò ohun tí máàkì yẹn gbà lọ́wọ́ yín gan-an.

Ní UI, wọ́n á pín àpapọ̀ UTME (ìdánwò JAMB) sí ọ̀nà 8, wọ́n á pín ti Post-UTME sí ọ̀nà 2, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀ di 100. Tí ẹ bá pín 272 sí ọ̀nà 8, 34 ni. Ká ní ọmọ yẹn gba 72 ní Físíìsì, àpapọ̀ rẹ̀ ìbá jẹ́ 292, ìyẹn 36.5. Máàkì 2.5 péré ló mú ilé dàrú lóru. Tó bá fi máàkì 5 lé ohun tó fẹ́ gbà ní Post-UTME, ó ti dí i. Mo tún un sọ, máàkì 5. OAU àti UNILAG náà máa ń fi 50 fún UTME, nítorí náà 2.5 yẹn náà ni. Ìyókù ló yàtọ̀: OAU fi 40 fún Post-UTME àti 10 fún èsì WAEC tàbí NECO, UNILAG fi 30 fún ti àkọ́kọ́ àti 20 fún ìkejì.

C6 inú èsì WAEC tàbí NECO, kírẹ́díìtì tó kéré jù, òun náà ńkọ́? Sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì yín mu ni UNILAG ń kà. A1 jẹ́ 4, B2 3.6, B3 3.2, C4 2.8, C5 2.4, C6 2. C6 kan dípò B3, 1.2 ló lọ. Kódà tó bá jẹ́ dípò A1, 2 ló lọ, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú máàkì 16 nínú JAMB. Tí C6 yẹn bá sì wà nínú Civic Education, tí ẹ ń lọ fún Mẹ́dísìn, wọn ò ní kà á rárá. Ní UI, gíréèdì kì í wọ inú ìṣirò náà. Kó ṣáà ti jẹ́ kírẹ́díìtì. Ẹ fi ìkéde ọdún tiyín yẹ̀ ẹ́ wò, torí ilé ìwé lè yí ìlànà rẹ̀ padà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé Mẹ́dísìn yàtọ̀, pé ìdajì máàkì lásán ń gba àyè lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Àmọ́ 2.5 yẹn ṣì wà nílẹ̀ láti gbà padà, ẹni tí kò bá sì ra fọ́ọ̀mù kò ní gbà á.

D7, tí kì í ṣe kírẹ́díìtì, lọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. D7 nínú Físíìsì kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣí fáìlì yín fún Mẹ́dísìn, ì báà ṣe 330 lẹ gbà. NECO tàbí GCE ni ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ wo IBASS, ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá kọ́ọ̀sì yẹn gba èsì ìjókòó méjì.

Kí ló máa ń fa 52 yẹn gan-an? Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 fún mẹ́ta yòókù, wákàtí 2 péré. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọ̀pọ̀ á jókòó ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ka àyọkà lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé Físíìsì tó ní ìṣirò, àkókò ti tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ B, tẹ C. Ọmọ náà lè mọ Físíìsì dáadáa. Tí Post-UTME bá gbà yín láyè láti yan èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ẹ fi èyí tó ní ìṣirò ṣáájú, kí ẹ sì fo ìbéèrè tó bá kọjá ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún wà nínú catchment (àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé ìwé ń ya àyè sọ́tọ̀ fún) UI, OAU àti UNILAG, nítorí náà tí merit, àyè tí wọ́n ń fi máàkì nìkan pín, bá fo yín, ó ṣì ku ibòmíràn. LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, sì wà nílé.

Ìkejì nínú ohun tó ń bí mi nínú ni èsì WAEC tí ọmọ ò gbé sórí ìkànnì JAMB. Ẹni tó gba 300, tí CAPS rẹ̀, ojú ewé JAMB tí wọ́n fi ń gbani wọlé, sì ń kọ “awaiting result” (ó ń dúró de èsì), wọ́n á fo orúkọ rẹ̀. Ẹ lọ gbé e sókè ní CBT sẹ́ńtà, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí gíréèdì kọ̀ọ̀kan, ọdún ìdánwò àti nọ́ńbà ìdánwò lórí CAPS. Nọ́ńbà tó bá yí, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n tún un ṣe.