Ẹ yé fi fáìlì oṣù tó kọjá bẹ̀rẹ̀ oṣù tuntun

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ bá a ṣe máa ń ṣe é: oṣù tuntun dé, a ṣí fáìlì Excel ti oṣù tó kọjá, a pa owó àtijọ́ rẹ́, a tẹ tuntun, a séèfù rẹ̀ ní orúkọ míì. Bí akọ̀wé tí mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ìpàdé wa ní Mọ̀lété lọ́jọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀. Mo ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó, mo kan ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, mo ka ₦85,000. Ìyá dìde, ó tún gèlè so. Ó ní, "Akọ̀wé, tún un kà." Mo tún un kà. "Èmi tí mo san tán lójú gbogbo yín?" Ó fa káàdì rẹ̀ yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó ń nà án sí wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí akápò wà níbẹ̀. Ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn wá ní, "Kọ̀ǹpútà kì í kúkú purọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá ìyá lágara. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ bú sẹ́kún láàárín èrò. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, pé ẹni tó pe òun ní onígbèsè kò ní kúnlẹ̀ fún òun.

Ẹgbẹ́ ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti gbà.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ àpótí tí ₦85,000 wà. Kò sí fọ́múlà (ìṣirò tí Excel ń ṣe fúnra rẹ̀) níbẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ tẹ nọ́ńbà lé fọ́múlà lórí nígbà tí ìyá ṣì jẹ ẹ́ lóòótọ́, ó wá ń bá fáìlì kiri láti oṣù dé oṣù. (Kì í ṣe ọwọ́ mi o. Àwọn fáìlì àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó di akọ̀wé.)

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kan. Ẹ tẹ F5, ẹ mú Special, ẹ mú Constants, ẹ fi Numbers nìkan sílẹ̀, ẹ tẹ OK, kẹ́ ẹ wá tẹ Delete. Gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ á lọ, fọ́múlà àti orúkọ á ṣẹ́kù. Nọ́ńbà ni déètì náà lójú Excel, òun àti iye èlé á bá a lọ, ẹ óò tún wọn tẹ̀. Ibi tó bá ṣófo tó sì yẹ kó ní fọ́múlà, ibẹ̀ ni ejò wà. Bí mo ṣe rí àwọn míì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Save As, ẹ mú Excel Template, ìyẹn fáìlì àwòṣe, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .xltx. Excel á fúnra rẹ̀ gbé yín lọ sí Custom Office Templates nínú Documents. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Oṣù bá ti yí, ẹ lọ sí File, New, Personal, ẹ tẹ̀ ẹ́: ẹ̀dà tuntun ló máa ṣí, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ séèfù, á bi yín lórúkọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ojúlówó àwòṣe fúnra rẹ̀ ṣe, ẹ lọ bá a nínú fódà Custom Office Templates, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ mú Open. Ẹni tó ń lo Google Sheets, Make a copy ni tiyín.

Gbèsè tó kù látoṣù tó kọjá ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ látinú káàdì ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ má dà á kọ látinú fáìlì, mo bẹ̀ yín.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé tóun bá kàn tọ́jú fáìlì òfìfo kan, tóun ń dà á kọ lóṣooṣù, kò tó ni. Ó tó, bó bá jẹ́ ọwọ́ yín nìkan ló ń kan kọ̀ǹpútà náà. Tiwa, akápò ń kàn án, ọmọ akápò náà ń kàn án. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ Ctrl+S lórí òfìfo yẹn, ó ti kúrò ní òfìfo.