Kòkó Yìí Kò Tíì Gbẹ

Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀

Ìtàn tí mò ń kọ ni mo tún jókòó tì lónìí. Ọkùnrin kan ni, ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Oǹdó. Mo fẹ́ kí ojúkòkòrò sọ ọ́ di ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Owó dé, ó ra mọ́tò, ó lé ìyàwó, ó gbàgbé ìyá rẹ̀. Ta ni kò mọ ibi tí ìyẹn ń lọ?

Mo rántí Lápitẹ́ nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti ọdún 1999. Láti ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ ọba Jogbo ló ti kọ̀ tí kò gba gbẹ́rẹ́ tó ń so ọba mọ́ ìlú, nítorí ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe: owó àwọn agbégẹdú tó ń gé igbó ìlú ló fẹ́ jẹ. Àwa tí a ń rí ọkọ̀ agbégẹdú lójú títì Oǹdó kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fíìmù náà fún wa. Ṣùgbọ́n Lápitẹ́ kò yí padà o, bó ṣe wá náà nìyẹn. Oyè kàn fún un láyè ni. Èmi ń wá ẹni tó dára tẹ́lẹ̀.

Ni mo bá pa mọ́tò àti ìyàwó rẹ́, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, bí ìyá àgbà kan bá gbé àpò wá, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, á mú hóró kan, á fi eyín fọ́ ọ. "Màmá, kòkó yín yìí kò tíì gbẹ o. Màá yọ kílò kan." Òótọ́ ni, ìyá náà mọ̀. Nígbà tó yá, hóró òkè nìkan ló ń mú. Kílò kan di méjì. Ní orí kẹfà, kò tú àpò mọ́. Ó jókòó, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń ná ilẹ̀ ní Àkúrẹ́: "Kò gbẹ. Ẹ yọ mẹ́ta."

Kò sì jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, ó ṣì ń bi wọ́n léèrè ọmọ.

Àbúrò mi kà á lálẹ́ yìí, ó ní ìgbà wo gan-an ló di olè. Ó ní níbi kílò méjì ni. Èmi ní ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn. A jiyàn títí ọbẹ̀ fi jó. Lọ́la, ìyá yẹn máa gbé òṣùwọ̀n tiwọn wá.