Kìnnìún lára fádákà
Ní ọjà àlòkù kan ní Birmingham láàárọ̀ yìí, mo rí ọ̀ṣọ́ kékeré tí àwọn bàbá òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀wọ̀n aago àpò. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá tó ń tà á ní irin lásán ni, kí n mú pọ́n-ùn 4 wá. Mo fi etí aṣọ nù ún: kìnnìún tó ń rìn, àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára fádákà gidi ní England! Ìyẹn ni pé 925 nínú ìdá 1000 rẹ̀ jẹ́ fádákà. Ìdákọ̀ró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì Birmingham níbí gan-an (ìlú tí kò rí òkun rárá o!). Lẹ́tà tó ń sọ ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ti parẹ́, àmọ́ kò sí orí ọbabìnrin, àmì owó orí tí wọ́n ń tẹ̀ sára fádákà títí di 1890, ó jọ pé ẹ̀yìn ọdún náà ni. Mo sọ fún ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjà ti tà.