Ẹ̀yìn ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìtọ́jú ojú, ọdún kẹsàn-án nìyí tí mo ti ń ta ọṣẹ ìfọjú àti amọ̀ ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, nítòsí ọjà Ouando. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, mi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bá kọ síwájú ìgò ni mò ń kà fún oníbàárà. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀, màá ní amọ̀ ni, ṣé ẹ ò rí àwòrán amọ̀ ni?

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní Abomey-Calavi ló dójú tì mí. Ó mú ìgò kan tí à ń tà ní 3,500 sẹ́fà, ó yí i padà, ó fi èékánná tọ́ka sí lẹ́tà tí kò tóbi ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. "Tàǹtí, ẹ wo ibi tí kaolin wà. Ẹ̀yìn parfum ni." Kaolin ni amọ̀ funfun inú rẹ̀, parfum sì ni lọ́fínńdà. Ó gbé e kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ra nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń to èròjà ni pé èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Omi, tí wọ́n ń pè ní Aqua, ló sábà máa ń wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa sọ̀ kalẹ̀ títí kan èyí tí kò tó ìdá 1 nínú 100. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó ṣe é lè tò wọ́n bó ṣe wù ú. Lọ́fínńdà inú ọṣẹ ojú kì í sábà ju ìdá kan yẹn lọ. Amọ̀ tó bá wá wà lẹ́yìn lọ́fínńdà, amọ̀ orí páálí ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ra kàyé kan, mo fi rúlà pín in. Ní ọ̀sán, tí oòrùn bá ti lé oníbàárà lọ, màá gbé ìgò kan, màá da orúkọ márùn-ún àkọ́kọ́ kọ. Nígbà tí mo kọ ti ìgò 11 tán, mo rí i pé ti 3,500 yẹn àti òmíràn tí à ń tà ní 900 ní orúkọ márùn-ún kan náà, létòlétò: omi, Sodium Laureth Sulfate, Cocamidopropyl Betaine, iyọ̀, glycerin. Iyọ̀ ọbẹ̀ tí ẹ mọ̀ yìí ni o. Òun ni wọ́n fi ń mú un ki.

Sodium Laureth Sulfate ló ń mú un hó. Ẹ má ṣì í mú fún Sodium Lauryl Sulfate. Orúkọ wọn jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n èkejì le jù ú lọ. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí awọ ara, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bí awọ nínú láti dán ìpara wò, òun ni wọ́n máa ń lò. Decyl Glucoside àti Coco-Glucoside, tí àwọn náà ń fọ ìdọ̀tí, rọ̀ fún awọ ju méjèèjì lọ. Wàhálà wọn ni pé wọn kì í hó púpọ̀, àwọn èèyàn wa ò sì gbà pé ohun tí kò hó lè fọ nǹkan. Ìyá kan dá tirẹ̀ padà fún mi, ó ní omi ni mo tà fún òun.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Kétu ni ìyá ìyá mi ti ń sè é, eérú àti àdín, mo sì ń fi wẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n lórí òṣùwọ̀n pH, tí wọ́n fi ń wọn kíkan (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni kíkan ń pọ̀ tó), awọ ojú wà nítòsí 5, ọṣẹ tí a fi eérú sè sì wà nítòsí 9 tàbí 10. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń fà lẹ́yìn ìwẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í mọ sí ara.

Ní ti amọ̀, aláwọ̀ ewé ni gbogbo ayé ń béèrè, nítorí pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ ṣe ohun tí mo ṣe: ẹ bu ṣíbí kan bentonite, oríṣi amọ̀ mìíràn, sínú ife omi kan, ẹ bu kaolin sínú òmíràn, ẹ lọ sùn. Lówùúrọ̀, bentonite ti wú bí gàrí tí a rẹ sómi. Kaolin sì tòrò sísàlẹ̀ bí ògì. Èyí tó ń wú ló ń fa òróró gidi, olójú dídán tó ní irorẹ́ ló ni ín. Kaolin, tó jẹ́ ìbátan ẹfun tí àwọn ìyá wa mọ̀, ni mo máa ń fún olójú gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kò sí èyí tó yẹ kó gbẹ títí tí yóò fi sán bí ilẹ̀ ẹ̀rùn, torí omi ara yín ló ń fà nígbà yẹn. Ìṣẹ́jú 10 ti tó.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó. Èmi fi pò ó rí. Mo ṣan ojú, mi ò ṣan ọrùn dáadáa, mo gun zém, ọ̀kadà wa, lọ́sàn-án gangan. Ní ọjọ́ kejì, ọrùn mi léròrò níbi tí omi ọsàn ti ṣàn, lẹ́yìn náà ó dúdú ní ìlà-ìlà, ó sì gba oṣù mélòó kan kó tó parẹ́. Amọ̀ ni mo ń bú. Kí n tó mọ̀ pé ohun kan wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń bá oòrùn jó awọ ara, mo ti da odidi àpò kan nù. Omi lásán ni kí ẹ fi pò ó, kí ẹ sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Amọ̀ gbígbẹ kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, kòkòrò àìrí ti rí ilé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá wọn bẹ̀rù Phenoxyethanol ẹ̀yìn ìgò, èyí tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò àìrí kí ọṣẹ má bàjẹ́. Nínú ooru Àjàṣẹ́ yìí, ọṣẹ olómi tí kò ní ohun tó ń dá a dúró yóò rà.

Kàyé náà wà lábẹ́ káńtà, ẹ lè máa wò ó. Ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́. Ẹnì kan ti fi òrí pa ojú ewé kẹrin.