Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Oòrùn Ló Ń Pín Iṣẹ́ Fún Wa Nílé

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, mo máa ń yẹ ìwé ìṣirò mi wò láti mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ iná ló gba ojú ìwé jù. Ilé kan náà la ṣì ń gbé ní Ológuneérù, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ aṣọ rírán náà ni mo ṣì ń ṣe ní yàrá iwájú, àwọn ọmọṣẹ́ mi náà kò yí padà. Ohun tó yí padà ni àsìkò tí a ń ṣe nǹkan. Gbogbo iṣẹ́ tó ń jẹ iná ti kúrò lóru, ó ti bọ́ sí ọ̀sán gangan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún la gbé sólà sórí òrùlé: páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, wáàtì 550 lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ínfátà àti bátìrì lithium kan tó ń gba yúnìtì márùn-ún, irú yúnìtì tí à ń rà sí mítà. Nígbà tí a ro owó wáyà àti owó oníṣẹ́ mọ́ ọn, ó tó bíi mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ náírà. N kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, bàbá àwọn ọmọ náà kò ní. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà ló yá wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a sì ń dá a padà lóṣooṣù.

Epo ló lé wa débẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan fò láti bíi 190 náírà sí bíi 500. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré irú tiwa, bó bá jẹ lítà kan, iná tó ń mú jáde kì í sábà ju yúnìtì kan àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá ra lítà kan ní 900 náírà, 600 náírà ló ń ra yúnìtì kan yẹn, kò sì tíì ka owó ọ́ìlì, owó pọ́lọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Mo ti ran aṣọ ẹbí odindi tí gbogbo èrè orí rẹ̀ wọ inú táńkì jẹnẹrétọ̀ lọ. Bí epo kò bá sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú la ó gbé jáde, eérú rẹ̀ a sì máa ta sára léèsì oníléèsì.

Iná ìjọba ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìsọ̀rí tí wọ́n ṣèlérí iná fún jù, láti bíi 68 náírà sí 225. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 206 náírà àti kọ́bọ̀ 80, nígbà tó di oṣù Keje wọ́n sọ ọ́ di 209 náírà àti ààbọ̀. Ẹ fi owó orí ọjà, VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó padà di 225 náírà náà. Àdéhùn wọn ni pé Band A á máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, Band B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí mẹ́rin. Àwa wà ní Band B. Owó yúnìtì tiwa kò tó 70 náírà, a ò lè sọ pé ó wọ́n. Wákàtí 16 yẹn gan-an ni a kì í rí. Ọjọ́ tí a bá rí ìdajì rẹ̀, a máa ń dúpẹ́ ni, ó sì lè jẹ́ aago méjì òru ni wọ́n máa mú un wá.

Ìṣirò tí mo ṣe fún ara mi rèé. Lójúmọ́, tí mo bá pa ọjọ́ tó mọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọjọ́ tó ṣú, yúnìtì mẹ́fà là ń rí lò lára sólà wa. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé ọdún mẹ́wàá kó tó di pé a pààrọ̀ nǹkan pàtàkì, yúnìtì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ni. Ẹ pín mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ sí i, ó ń lọ sí bíi 115 náírà fún yúnìtì kan, láìka èlé ẹgbẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì owó Band A. Ó ju owó Band B lọ, ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ ẹ. Ó sì fi púpọ̀púpọ̀ dín sí ti jẹnẹrétọ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni iná oòrùn. Owó iná ọdún mẹ́wàá la kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lè kó o sílẹ̀, tàbí tó rí ẹgbẹ́ tó dúró fún un, á máa lo iná ní 115 náírà. Obìnrin tó ń lọ ata ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kò rí i kó sílẹ̀, òun ló wá ń ra yúnìtì kan ní 600 náírà, lítà kan lẹ́yìn òmíràn, láràárọ̀. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù ló ń ra iná tó wọ́n jù. Èyí dùn mí gan-an lọ́dún yìí ju bó ṣe ń dùn mí tẹ́lẹ̀, nítorí mo ti wá mọ ìyàtọ̀ náà ní náírà àti kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sórí àsìkò, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Láàárọ̀, bátìrì á ti lọ sílẹ̀ sí bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí fíríìjì àti fáànù ti jẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù títí aago mẹ́wàá fi lù. Tó bá ti kọjá mẹ́wàá ààbọ̀, àwọn ọmọṣẹ́ á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Lójú ínfátà, nọ́ńbà tó wà ní nǹkan bíi wáàtì 240 á fò sí 1,450 bí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná, á tún já wálẹ̀ tó bá gbóná tó, á tún fò. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n kà. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, èyí tó kéré jù nínú wọn á ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀," á sì gbé áyọ́ọ̀nù náà nàró. Tí wọ́n bá ti lọ aṣọ tán, a ó tan ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga, a kì í tan méjèèjì pọ̀, nítorí ẹ̀rọ omi máa ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń ta. Títí aago méjì, táńkì ti kún. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, gbogbo nǹkan tó ń gbóná ti dákẹ́, kí bátìrì lè kún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí èyí, mo ń sùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò tíì jí ní aago méjì òru rí torí pé wọ́n mú iná wá, tó dìde fi ojú oorun lọ aṣọ ìyàwó tí yóò wọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn tó ń ro mí ti dẹwọ́. Ìyá ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa kì í fi ooru mọ́jú mọ́. Ìyá àgbà kan nítòsí wa tó ní àtọ̀gbẹ ń tọ́jú abẹ́rẹ́ insulin rẹ̀ sínú fíríìjì wa, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sáré wá yìnyín kiri mọ́ nígbà tí iná bá lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ní àárín oṣù Kẹjọ, òjò dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò kúrò lójú ọ̀run, ọjọ́ mìíràn sì wà tí a kò rí yúnìtì mẹ́ta. Ṣáájú ìgbà yẹn ni òórùn ike tó ń jóná gba imú wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oníṣẹ́ tó so wáyà páńẹ́ẹ̀lì kò fún ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó fi pílíásì lásán tẹ̀ ẹ́, ibi tí wáyà ti pàdé ara sì ti yọ́, ó dúdú. Ẹlòmíràn ló wá gé e, ó fi irinṣẹ́ tó yẹ tẹ̀ ẹ́, ó sì ri irin mọ́lẹ̀ fún ààrá, èyí tí ti àkọ́kọ́ kò ṣe rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ra sólà, kó béèrè irinṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ kó tó béèrè iye owó.

Ní báyìí ọyẹ́ ti dé. Eruku pupa bo páńẹ́ẹ̀lì láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ènìyàn bá fi ìka fà á, ojú ìka á hàn níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù, kí gíláàsì tó gbóná, ni ọmọ mi ọkùnrin máa ń fi omi àti kànrìnkàn rírọ̀ nù ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, iná á ti gòkè.

Àwọn nǹkan tó ṣẹlẹ̀ níta náà wọ ìwé mi. Ní oṣù Kejì ni iná padà sí UCH níhìn-ín, lẹ́yìn tó lé ní 100 ọjọ́ tí wọ́n ti gé e nítorí gbèsè. Ilé ìwòsàn ni o. Ní oṣù Kẹta, mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìjọba fẹ́ fòfin de kíkó páńẹ́ẹ̀lì wọlé, pé a lè ṣe é nílé. Lóòótọ́ NASENI, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ilé iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì ní Karshi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, mo sì fẹ́ kí ọmọ wa rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tó wa lò. Bí ìlẹ̀kùn bá tì ṣáájú, àwọn bí obìnrin aláta yẹn ni yóò jìyà rẹ̀. Ìjọba kan náà ló ya bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdún yìí fún sólà ní Aso Rock. Bí Aso Rock kò bá lè gbára lé iná ìjọba, kí ni kí aránṣọ ní Ológuneérù ṣe? Síbẹ̀, sólà orí òrùlé mi kò lè gbé ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ ní UCH. Iṣẹ́ ìjọba ni yẹn, n kò sì ní torí pé mo ń sùn dáadáa kí n yé béèrè rẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, tí a bá san gbèsè ẹgbẹ́ tán, bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kí a fi bátìrì kejì kún un. Èmi ní páńẹ́ẹ̀lì ni kó kọ́kọ́ wá, nítorí ní oṣù Kẹjọ, bátìrì tó wà nílẹ̀ pàápàá kì í kún. Agbè ńlá tí kò rí omi pọn, kí la fẹ́ fi ṣe? Ó ti gbà. Àwa aránṣọ márùn-ún nínú ẹgbẹ́ sì ti kọ̀wé sí àwọn aṣáájú wa pé kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ fún sólà nìkan, kí ẹni tí kò lè rà ju páńẹ́ẹ̀lì méjì àti bátìrì kékeré lọ náà lè wọlé. A ti bá obìnrin aláta sọ ọ́, ó ti gba fọ́ọ̀mù. Oníṣẹ́ ń bọ̀ wá wọn àyè tó ṣẹ́kù lórí páànù wa ní oṣù Kìn-ín-ní.