Iṣẹ́ Abẹ Àgbọ̀n Parí, Iṣẹ́ Rọ́bà Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n yọ ike pẹlẹbẹ tó wà láàárín eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ mi. Dókítà ní kí n rọra pa ẹnu dé. Mo pa á dé, àyà mi sì já. Eyín iwájú méjì ń kanra, ọ̀kan ń kanra lẹ́yìn lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n lápá òsì, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ahọ́n mi ń gba àárín wọn kọjá. Mo ti fi wáyà tí wọ́n fi ń to eyín sẹ́nu fún oṣù 18 kí wọ́n tó gé mi, mo ti sùn sílé ìwòsàn fún òru méjì, mo ti ń mu omi ọbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, eyín mi ò sì tún bára mu. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Peckham ní London ni mo ti sunkún lọ́jọ́ náà.

Màmá mi pè lórí fídíò láti Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa fi ẹ́ sílẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Rárá, mà, ó ṣì kù." Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀ ni, èmi fúnra mi ò tíì gbà á gbọ́.

Òótọ́ ni mo sọ o. Eegun ni oníṣẹ́ abẹ ń gbé sípò, kì í ṣe eyín. Dókítà tó ń to eyín ló máa wá mú eyín bára mu, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yẹn sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹnu ju ọwọ́ dókítà lọ. Ká ní ẹnì kan là á yé mi báyìí kí wọ́n tó gé mi ni, mi ò ní sunkún yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mi ló yọ kọjá ti òkè láti ìgbà tí mo ti ń bàlágà. Mi ò lè fi eyín iwájú fa ẹran ya, ọwọ́ ni mo fi ń ya á. Nígbà tí wọ́n fi wáyà sí i, ó tún burú sí i lójú, nítorí pé àwọn eyín náà ti dagun láti fi bo àlébù eegun, wáyà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò wọ́n dúró dáadáa lórí eegun wọn. Ẹni tó bá wà ní ìpele yẹn báyìí, ẹ má bẹ̀rù dígí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé àgbọ̀n òkè síwájú ní mìlímítà 5, wọ́n sì dá ti ìsàlẹ̀ padà sẹ́yìn ní mìlímítà 4. Wọ́n la eegun ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹni la pákó ní òòró rẹ̀, tí awẹ́ kan lè yọ̀ lórí èkejì. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì, Trauner àti Obwegeser, gbé jáde lọ́dún 1957 nìyẹn. Irin titanium pẹlẹbẹ àti síkúrúù kéékèèké ló dì í mú. Láyé àtijọ́, wáyà ni wọ́n fi ń so ẹnu pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo dúpẹ́ pé ìgbà tèmi kọ́ nìyẹn.

Wàyí o, rọ́bà kékeré tí mò ń fi sẹ́nu fúnra mi láti fa eyín bára mu. Rọ́bà náà ò fẹ̀ ju òrùka ọmọ ọwọ́ lọ. Àwòrán ẹranko ló wà lára àpò tèmi, láti fi mọ bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe le tó. Ehoro ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Màá fi etí kan kọ́ ìkọ́ ara eyín ńlá ẹ̀yìn lókè, màá fà á wá síwájú, màá fi etí kejì kọ́ eyín ṣóńṣó ìsàlẹ̀. Òun ló ń fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sẹ́yìn kó má sá padà. Lápá òsì tí àlàfo wà, òmíràn tún dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ètè mi ti kú tipiri nígbà náà, mi ò mọ ibi tí ìka mi dé, rọ́bà á sì ta sínú bésìnì nígbà márùn-ún kí ọ̀kan tó wọlé. Ọjọ́ kẹrin ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Wákàtí 24 ni, àfi tí mo bá fẹ́ jẹun tàbí fọ eyín. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ torí pé ó máa ń dẹ̀. Ẹ má sì fi méjì síbi ọ̀kan kó lè yá. Ìfàfà yẹn lè ba eyín jẹ́.

Àṣìṣe tí mo ṣe rèé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣègbéyàwó ní Birmingham, a rán aṣọ ẹbí, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Mo yọ rọ́bà ní Friday, mi ò fi í padà títí di Wednesday. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti ń forí kanrí, òkè ò bo ìsàlẹ̀ mọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Dígí ló kàn gbé fún mi. Ó ní oríire mi ni pé ó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, tí eegun tí wọ́n gé ṣì ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí eyín máa ń tètè rìn. Bó ṣe ń tètè gbọ́ràn náà ló ń tètè ṣìnà. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó padà síbi tí mo wà. Láti ọjọ́ náà, àpò rọ́bà wà nínú gbogbo báàgì mi, títí kan èyí tí mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ti oúnjẹ, àwa Yorùbá rí àǹfààní. Òkèlè kì í béèrè eyín. Bí dókítà ṣe ní mo lè jẹ ohun rírọ̀, àmàlà àti ewédú ló gbà mí. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, torí ètè tó kú kò mọ ìgbà tí ọbẹ̀ ń jó o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ń lọ. Dókítà á fi bébà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín eyín mi, á ní kí n kan eyín mọ́ra, ká-ká-ká. Nígbà àkọ́kọ́, ojú mẹ́ta péré ni búlúù hàn sí. Ó yọ wáyà tó nípọn, ó fi tínrín rọ́pò rẹ̀ kí eyín lè ráyè wá ara wọn kàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ibi tó ń kọ́kọ́ kan àti ibi tí kò kan sínú fóònù yín. Èmi ni mo sọ fún un pé eyín kan ń ta mí lápá ọ̀tún nígbà tí mo bá ń sùn. Ó wò ó, ó tẹ wáyà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, búlúù ti tò sórí gbogbo eyín ẹ̀yìn mi. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n tú wáyà.

Retainer, ohun tí mò ń fi sẹ́nu kí eyín má bàa rìn padà, ló kù báyìí, alaalẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé tiyín fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì ń fún yín mọ́ eyín nígbà tí ẹ fi í padà, eyín ti rìn nìyẹn. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.