Ẹ Kọ́kọ́ Wá Bàtà: Aṣọ Ẹlẹ́ṣin fún Ojúde Ọba

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, agbádá ni gbogbo ayé máa ń wò. Bàtà ni kí ẹ̀yin kọ́kọ́ wá.

Èyí tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ rà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Gìgísẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ́ gba inú àlùkẹ̀mbù, ìyẹn irin tí ẹlẹ́ṣin ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, kọjá. Bí ẹsẹ̀ bá há síbẹ̀, tí ẹlẹ́ṣin sì já bọ́, ẹṣin á wọ́ ọ nílẹ̀ lọ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ sálúbàtà lórí ẹṣin rárá. Ẹ ti bàtà náà bọ àlùkẹ̀mbù wò ṣáájú ọjọ́ ọdún. Ó yẹ kí àyè sẹ̀ǹtímítà kan ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún, kan lósì.

Ṣòkòtò tó fẹ̀ jù á kó jọ sábẹ́ itan, á sì bó yín lára. Ẹ ní kí télọ̀ dín in kù láti orúnkún sísàlẹ̀, kí ojúràn tó nípọn má sì sí nínú itan.

Agbádá gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Tí ẹ bá ti jókòó sórí gàárì, ẹ fa etí rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìdí, kí ó má sì kọ́ iwájú gàárì. Ẹ ká apá rẹ̀ sí èjìká kí ọwọ́ lè ráyè di ìjánu mú. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ máa ń já ẹṣin láyà, nítorí náà ẹ fi agbádá náà hàn án ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú: ẹ jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀, ẹ fi ra á lọ́rùn, ẹ wá máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ gùn ún.

Fún ìdánrawò, akoto ẹlẹ́ṣin tí wọ́n kọ ASTM F1163 (ìlànà ààbò fún akoto ẹlẹ́ṣin) sí nínú ni kí ẹ dé, kì í ṣe ti ọ̀kadà. Ẹ bọ́ fìlà kí ẹ tó dé e. Ẹ de okùn rẹ̀, kí ẹ sì mi orí: bí ó bá ń yí kiri, ó tóbi jù. Èyí tó bá ti gbá ilẹ̀ gidi, ẹ jù ú nù bí kò tilẹ̀ sán, torí fóòmù inú rẹ̀ ti fún pọ̀, kò ní padà sípò.

Lọ́jọ́ ọdún tí fìlà bá wà lórí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ẹṣin náà di okùn rẹ̀ mú, kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ bọ́ òrùka, kí ìjánu má baà fún un mọ́ ìka. Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, okùn tó tètè ń já ni kí wọ́n fi sín in.